Iṣẹ́ Ọnà Róòmù Kì Í Ṣe Àwòkọ Lásán

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fèsì sí àpilẹ̀kọ kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn yín, níbi tí òǹkọ̀wé ti sọ pé àwọn ará Róòmù àtijọ́ kò ní iṣẹ́ ọnà kan tó jẹ́ tiwọn, pé ti Gíríìsì ni wọ́n kàn ń wò ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ère idẹ ọkùnrin tó fẹ́ ju àwo, tí Myron ará Gíríìsì ṣe, ti sọnù tipẹ́, ère òkúta tí àwọn ará Róòmù wò ó gbẹ́ la sì fi mọ̀ ọ́n lónìí.

Ṣùgbọ́n ti ojú ènìyàn yàtọ̀. Àwọn àgbà ìlú Róòmù fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ àwọn bí wọ́n ṣe rí gẹ́lẹ́, tòun ti iwájú orí tó hunjọ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn. Polybius, òpìtàn àtijọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ará Gíríìsì, ròyìn pé àwọn ìdílé ọlọ́lá Róòmù máa ń tọ́jú ìbojú tó jọ àwọn òkú wọn sílé, wọ́n á sì wá ẹni tí gíga àti ìrìn rẹ̀ jọ ti olóògbé láti wọ̀ ọ́ nígbà ìsìnkú.

Òpó Trajan, tí wọ́n ṣí ní ọdún 113, tó sì wà lóòró ní Róòmù dòní, ni kí òǹkọ̀wé yín wò dáadáa. Ogun tí olú ọba Trajan bá àwọn ará Dacia jà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ròmáníà báyìí, ni wọ́n gbẹ́ yí i ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ejò tó wé mọ́ igi. Bí a bá tú àwòrán náà sílẹ̀ gbọọrọ, yóò tó nǹkan bíi 200 mítà, àwọn èèyàn ara rẹ̀ sì lé ní 2,500. Ohun tó wù mí jù ni pé ìjà kọ́ ló gba ibẹ̀ kan: àwọn ọmọ ogun ń gé igi, wọ́n ń mọ odi, wọ́n ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́. Decebalus, ọba àwọn ọ̀tá, náà ń fi ọ̀bẹ pa ara rẹ̀ kí ọwọ́ má bàa tẹ̀ ẹ́ láàyè. Iṣẹ́ Gíríìsì wo ni wọ́n wò ṣe èyí?

Òpó yìí kan náà ni wọ́n wò kọ́ èyí tí Napoleon parí ní gbàgede Vendôme ní Párísì ní ọdún 1810. Àwọn lẹ́tà ńlá tí wọ́n gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ Òpó Trajan, tó ní ẹsẹ̀ kéékèèké, ni àwọn tó ń ya lẹ́tà ìtẹ̀wé ṣì ń fi ṣe àwòkọ́ṣe. Lẹ́tà Róòmù náà lẹ sì fi tẹ àpilẹ̀kọ tó ní Róòmù kò dá nǹkan kan ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín