Àdùkẹ́, Má Sọ fún Wọn Mọ́ Pé Kí Wọ́n Há A Sórí

Òṣogbo

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé èlùbọ́ tó o béèrè ti wà nílẹ̀. Ara wa le, a dúpẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ohun tó dá mi dúró nínú rẹ̀ ni ti ọmọkùnrin inú kíláàsì rẹ tó dìde, tó ní, "Ántí, bí 'walk' bá di 'walked', tí 'jump' di 'jumped', kí ló dé tí 'go' fi di 'went'? Wọn ò jọra rárá." O ní o dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ làwọn Òyìnbó ṣe ń sọ ọ́, kó lọ há a sórí.

Ọmọ mi, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. N kò bá ọ jà, torí èmi náà sọ ọ́ rí, mo tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo fi pàṣán na ọmọ kan nítorí pé ó kọ "goed" lẹ́ẹ̀mẹta sínú ìwé rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Òótọ́ sì ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ yẹn ti lo orí rẹ̀: ó rí òfin, ó tẹ̀ lé e. Èmi tí mo mú pàṣán lọ́wọ́ ni mi ò mọ ìdí tí òfin náà fi yẹ̀ níbẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n báyìí tó o ṣì jẹ́ àgùnbánirọ̀.

"Went" kì í ṣe ọmọ "go". Ọmọ ọ̀rọ̀ mìíràn ni, "wend", tó túmọ̀ sí kéèyàn yí, kó darí síbì kan, kó máa bá ọ̀nà lọ. Kọ àwọn wọ̀nyí sójú pátákó fún wọn: "send, sent", "bend, bent", "lend, lent", "spend, spent". Lẹ́yìn náà kọ "wend", kó o bi wọ́n pé kí ló kàn. Wọn á ti pariwo "went" kó o tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ní ti "go" fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ lílọ tó ti kọjá láyé àtijọ́ ni "eode", tó padà di "yede" lẹ́nu àwọn èèyàn. Òun náà kò sì jọ "go". Nígbà tí ọdún 1500 fi máa dé, "went" ti gba ipò mọ́ "yede" lọ́wọ́. "Yede" kú, "wend" fúnra rẹ̀ rù títí tó fi jẹ́ pé inú "wend one's way" nìkan la ti sábà ń rí i.

Bí wọ́n bá ní Gẹ̀ẹ́sì yìí ti rí wúruwùru jù, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ nílé. Bí àlejò bá ti dé, a ní "ó wá". Bó bá ṣì wà lọ́nà ńkọ́? A kì í sọ pé "ó ń wá", àfi bó bá ń wá nǹkan tó sọnù. "Ó ń bọ̀" là ń sọ. "Wá" àti "bọ̀", ta ló rí ìjọra kankan lára wọn? Kò sẹ́ni tó nà wá ká tó mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó há a sórí. Ọ̀rọ̀ méjì ló pín iṣẹ́ kan ṣe, bí "go" àti "went" ṣe pín in gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí mo rí èyí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde láti lọ wá ọmọ tí mo nà yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni "fare". Àwọn ọmọ rẹ mọ̀ ọ́n sí owó ọkọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "faran" ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju kéèyàn máa rin ìrìnàjò lọ. "Fahren" ni àwọn ará Jámánì ń pè é títí di òní. Ara rẹ̀ ni "wayfarer" ti jáde, ìyẹn èrò ọ̀nà. "Thoroughfare", ọ̀nà tó là já. "Warfare", lílọ sójú ogun. "Welfare", kí nǹkan máa lọ dáadáa fúnni. "Ferry" tó ń gbé èèyàn sọdá omi, ìyekan rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà wá ni "farewell", tí gbogbo wa rò pé "ó dàbọ̀" ni. Rárá o. "Rìn ire" ni.

Wo ibi tí tiwa ti yàtọ̀. "Ó dàbọ̀": ó di àbọ̀, ó di ìgbà tó o bá padà bọ̀. Ẹni tó ń lọ kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tá a ti ń retí bíbọ̀ rẹ̀. Bó bá sì dé, "ẹ kú àbọ̀", tó ti di "ẹ káàbọ̀" lẹ́nu wa. "Bọ̀" kan náà ló wà nínú méjèèjì. Àwọn Òyìnbó náà fi wíwá kí àlejò: "wilcuma" ni "welcome" tẹ́lẹ̀, ìyẹn àlejò tí wíwá rẹ̀ wù wá, "come" sì ni ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tó o wọkọ̀ lọ sí kám̀pù, ọ̀rọ̀ kan yẹn, "ó dàbọ̀", ni màmá rẹ rí sọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń sọ.

"Road" àti "ride", ìyá kan ló bí wọn. Gígun ẹṣin ni "road" níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹṣin ń tẹ̀. "Way" àti "street" ni wọ́n ń pe ọ̀nà nígbà náà. Ó di nǹkan bí ọdún 1600 kí "road" tó di ojú ọ̀nà. Ní Scotland, ọ̀rọ̀ kan náà di "raid", kí àwọn ẹlẹ́ṣin ya bo ìlú onílùú. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ lo wà yẹn. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá ti gbọ́ ìtàn àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, kò ní pẹ́ yé wọn rárá.

"Travel" ní ìtàn tó gbẹ̀rù. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wá, "travailler", ṣíṣe làálàá. Bó o bá dé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo lónìí, "travail" ni wọ́n ń pe iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìdí rẹ̀ ni "tripalium" ti èdè Látìn, igi mẹ́ta tí wọ́n ń so èèyàn mọ́ láti fìyà jẹ ẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n là á sí méjì: "travail" di làálàá àti ìrora ìrọbí, bó ṣe wà nínú Bíbélì wọn ti ọdún 1611, "travel" sì di ìrìnàjò. Ìyà ni ìrìnàjò láyé ìgbà náà, wọn ò fi bò. "Journey" tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Jour" tí í ṣe ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀, ìrìn tàbí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn bàbá wa náà máa ń ní ìlú kan jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta.

"Speed" kì í ṣe eré sísá níbẹ̀rẹ̀. Àṣeyọrí ni, kí nǹkan yọrí sí rere. Ẹni tó bá mọ èyí ni òwe wọn, "more haste, less speed", máa yé: bí ìkánjú bá pọ̀, àṣeyọrí á dín kù. Ìdí kan náà ni "Godspeed" fi jẹ́ àdúrà. Ti "move", "motor" àti "emotion" kò le. Látìn "movere" ló bí gbogbo wọn, "motor" yẹn náà la sì gbà tá a sọ di mọ́tò.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Ọ̀rọ̀ tó jọra kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹbí. Ìwọ náà wo ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Ta ló máa ní ilé kan náà ni wọ́n ti wá? Bẹ́ẹ̀ ni "bound" rí. "Bound" tó jẹ́ kí wọ́n ti di nǹkan, ara "bind" ló ti wá. "Bound" tó jẹ́ fífò, Faransé ló ni ín. "Bound for Lagos", tí wọ́n ń sọ nípa ọkọ̀ tó dorí kọ Èkó, wá láti "búinn" nínú èdè àwọn ará àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́, ẹni tó ti múra tán. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó wọ aṣọ kan náà ni wọ́n. Torí náà, má hun ìtàn fún ọ̀rọ̀ láé. Bí ọmọ bá bi ọ́ ní èyí tó ò mọ̀, sọ fún un pé, "Mi ò mọ̀, jẹ́ ká jọ wò ó." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú pàṣán tèmi.

Kẹ́ ẹ lè rí ohun tẹ́ ẹ máa jọ wò, mo ti di ìwé atúmọ̀ èdè mi àtijọ́ pọ̀ mọ́ èlùbọ́ màmá rẹ, èyí tó máa ń sọ orísun ọ̀rọ̀ ní ìparí àlàyé kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tó ń ná Ìṣẹ́yìn á gbé e dé gáréèjì níbẹ̀ ní Sátidé, kó o tètè lọ gbà á. Ibi tí "W" ti bẹ̀rẹ̀ ti ya díẹ̀, fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ní Mọ́ńdè, kí kíláàsì tó kún, pe ọmọkùnrin yẹn, gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ wá "wend" rí níbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó sọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ