Ọ̀sẹ̀ méjì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dà?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí WhatsApp ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: "Má wá síṣẹ́ lọ́la. A ti rí ẹlòmíì." Ọdún mẹ́rin àti oṣù méje ló ti ń yan búrẹ́dì fún ọ̀gá náà níbí n'Ìbàdàn. Nígbà tó débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti lọ béèrè ohun tó ṣe, ẹnu géètì ló mọ. Mégáàdì na ọ̀rá dúdú kan sí i láàárín irin: sílípáàsì rẹ̀, ife tó fi ń mu tíì, àti aṣọ iṣẹ́ tí fúláwà ṣì wà lára rẹ̀. Ó parí nìyẹn.

Ẹ gbà mí láyè kí n dá sí i, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà. Èmi ni mo máa ń tẹ ìwé gbélé-ẹ. N kò gbádùn rẹ̀ rí. Àmọ́ a kì í tẹ̀ ẹ́ láìkọ́kọ́ yọ fáìlì jáde, ká wo ọjọ́ tí ẹni náà wọṣẹ́.

Ìdí ni pé Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ti ka iye ọjọ́ nótíìsì sílẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fúnni ṣáájú kí iṣẹ́ tó parí, ó sì wé mọ́ bí ẹni náà ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò tíì lò ju oṣù 3 lọ, nótíìsì ọjọ́ kan. Ẹni tó ti lé ní oṣù 3 tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ti pé ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọdún 5 lọ sókè, oṣù kan. Nótíìsì tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Àwọn alágbàṣe, oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé lọ̀rọ̀ náà kàn o. Àwọn alákòóso àti amọ̀ṣẹ́dunjú, ìwé àdéhùn tiwọn ni kí wọ́n lọ kà.

Ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà náà, ni ti ọmọ wa. Ká ní wọ́n fi oṣù márùn-ún sí i, oṣù kan ni ì bá jẹ́. Àwọn kan nínú ẹbí ní ọ̀gá ti ṣírò rẹ̀ dáadáa. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Bóyá ni ọkùnrin náà mọ̀ pé òfin kankan wà.

Mo lọ bá a. Ó fún mi níjòókòó, ó ní kí wọ́n bá mi ra mínírà. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá ní kó fi ọ̀sẹ̀ méjì palẹ̀ mọ́, ṣé kò ní ba ẹ̀rọ mi jẹ́?" Ọ̀rọ̀ náà yé mi. N'Ìkẹjà, ẹnìkan tí a fún ní nótíìsì fi ọ̀bẹ ya bẹ́líìtì ẹ̀rọ wa. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì la máa ń fúnni níwèé, tòun ti owó ọjọ́ nótíìsì rẹ̀, òfin sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀gá má jẹ́ kó sún mọ́ ààrò mọ́, kò burú. Kó sanwó rẹ̀. ₦72,000 ni owó oṣù ọmọ náà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦36,000, wọn ò sì ní ka owó àfikún iṣẹ́ alẹ́ mọ́ ọn. Kò tó owó àpò fúláwà kan!

Ó bá yọ ìwé kan jáde nínú tábìlì, tí ọmọ náà buwọ́ lù lọ́jọ́ tó wọṣẹ́. Mo wọ awò mi. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ fi oṣù kan sọ ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn ti wọgbó. Ilé iṣẹ́ ní tirẹ̀ lè dá òṣìṣẹ́ dúró "nígbàkúùgbà". Ẹ ò rí nǹkan? Tọ̀tún-tòsì ni òfin de nótíìsì mọ́, kò sì fún agbanisíṣẹ́ láyè láti máa gé owó òṣìṣẹ́ bí ẹní gba ìtanràn.

N kò ní purọ́, àwọn òṣìṣẹ́ náà ń ṣe é. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì á gba owó oṣù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á pa fóònù, nígbà tí búrẹ́dì òde ìyàwó Sátidé ṣì wà nílẹ̀. Òun náà jẹ ọ̀gá rẹ̀ ní nótíìsì. Ẹni tó bá sì jalè, wọ́n lè lé e lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tiwa kò jí nǹkan kan. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ìbátan ìyàwó òun ló ń wáṣẹ́.

Ó ṣèlérí pé òun á rò ó. Oṣù méjì rèé.

Ọmọ náà ti ríṣẹ́ síbòmíì. Lọ́jọ́rú tó kọjá ó mú ìwé tí wọ́n fún un wá kí n bá a kà á kó tó buwọ́ lù ú. Òfin ní kí iye ọjọ́ nótíìsì wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí òṣìṣẹ́ sì rí i gbà láàárín oṣù 3 tó bá wọṣẹ́. Ibẹ̀ ṣófo. Mo ní kó gbé e padà, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Kò tíì wá sọ ohun tí wọ́n wí.

Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn