Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tí ó fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Bí gbogbo ayé ṣe ń kí yín nìyẹn láti ìgbà tí ẹ ti pé ẹni 60 ọdún, tí òfin ìjọba sì ní kí ẹ máa lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Nígbà tí mo wá kí yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ara yín le, ojú yín ń ríran kedere, síbẹ̀ ẹ sọ fún mi pé ilẹ̀ lè mọ́ kó tún ṣú láìsí ẹni tí yóò wá yín wá fún ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn ọmọ ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe nǹkan kan mọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àmọ́ n kò gbà pẹ̀lú wọn. Nínú agbo ilé tí a ti dàgbà, ta ni ó ní kí ìyá bàbá wa jókòó lásán? Igi ni wọ́n fi ń rìn, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo ìyàwó ilé. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyàwó á sì dúró tì wọ́n, á máa wo bí wọ́n ṣe ń gbé orí ọmọ dání. Iṣẹ́ wọn ni, gbogbo ilé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ìyàwó kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbé yàrá àyágbé, nígbà tí òwò ti gbé ìyá wọn lọ sí Jos tàbí Kaduna. Bí ọmọ bá ń ké lóru, fóònù ni wọ́n ń bi léèrè. Wọ́n ti gbọ́ ní kílíníìkì pé ọmú nìkan ni ọmọ gbọ́dọ̀ mu títí yóò fi pé oṣù 6, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó tì wọ́n láti fi hàn wọ́n bí ọmọ ṣe ń gba ọmú sẹ́nu dáadáa, kí orí ọmú má baà là. Bí ó bá ti là, tí ìrora dé, omi àti àgbo ni wọn yóò rọ sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀yin mọ èyí. Ẹ mọ ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru ṣì jẹ́ ti omi oníyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú oògùn zinc, ẹ sì mọ ìgbà tí ojú ọmọ bá jìn sínú, tí ó di ká gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ lè ní àwọn tí ó kàwé jù yín lọ wà níta. Ní 2006, dókítà kan tí ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, Dixon Chibanda, kó ìyá àgbà 14 jọ ní Harare ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, nítorí pé irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan níbẹ̀. Ó kọ́ wọn bí a ti ń fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìrònú ti wọ̀ lára, wọ́n sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọgbà kílíníìkì. Ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé ara àwọn tí a tọ́jú lọ́nà yìí yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé àyè wọn dájú: ẹni tí ó bá nílò wọn mọ ibi tí yóò ti bá wọn.

Nítorí náà, n kò fẹ́ kí ẹ kàn máa ran ènìyàn lọ́wọ́ bí ó bá ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ yan òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ gbé àga síwájú ilé. Kí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kéde rẹ̀, kí àwọn ìyá àsàláátù náà kéde rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ti ẹlẹ́sìn kan ni. Ẹ kò ní fúnni lábẹ́rẹ́, ẹ kò sì ní kọ oògùn. Ẹ má gba owó. Bí wọ́n bá gbé máńgòrò wá, ẹ gbà á.

Nọ́ọ̀sì kílíníìkì àdúgbò yín, ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́, ní òun yóò máa darí àwọn ìyá tuntun sí yín. Ó ń bi mí bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é, kí ẹ dá a lóhùn.

Èmi àbúrò yín.