Ohun tó wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì

Pearland, Texas

Múfútáù ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ àti gbogbo ọmọṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé iná ń dé díẹ̀díẹ̀? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmọ́ ẹ̀rín rẹ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. O ní kí ló ṣe mí tí mo fi lọ ra bàálù tó ti wà láyé kí wọ́n tó bí àwa méjèèjì, àti pé kí ló dé tí owó tí mo ń ná lórí rédíò inú rẹ̀ fi ju èyí tí mo ń ná lórí ẹ́ńjìnnì lọ. Ìbéèrè kejì yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín, torí nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀, ìwọ oníṣẹ́ rédíò ló yẹ kí ó tètè yé jù.

Piper Cherokee 180 ni, ọdún 1967 ni wọ́n ṣe é. Èèyàn mẹ́rin ló ń gbà, bí wọn ò bá ti sanra jù. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, ọwọ́ ọ̀tún ló sì wà, nítorí náà ẹni tó máa wà á ló máa kọ́kọ́ rá wọlé kí èrò tó tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì Lycoming ló wà nímú rẹ̀, agbára ẹṣin 180. Má sọ fún wọn ládùúgbò pé mo ti di olówó o. Iye rẹ̀ kò ju ti jíípù ńlá tuntun kan lọ, mo sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀ kún ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn EAA, ẹgbẹ́ àwọn aláfẹ́ bàálù tó máa ń pé jọ sí Oshkosh ní Wisconsin ní oṣù Keje ọdọọdún, ti ka gbogbo bàálù tí wọ́n ṣe títí dé ìparí ọdún 1970 mọ́ àwọn àgbà, wọ́n sì ní àyè tiwọn tí wọ́n ń tò wọ́n sí kí àwọn èèyàn lè wá wò wọ́n.

Ara rẹ̀ kò ní wàhálà. Alumíníọ̀mù ni, bí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń fẹ́ wá láti Galveston ò bá jẹ ẹ́, ó máa gbẹ̀yìn mi. Ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n máa ń tú u palẹ̀ ni, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó bá ti jẹ, wọ́n á tún un tò. Lọ́dọọdún, òfin ní kí mẹkáníìkì tó gba àṣẹ pàtàkì yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ó tó tún lè fò. Wáyà ló ń darúgbó láìfọhùn. Ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, pátákó tí aago àti rédíò wà lára rẹ̀ níwájú páílọ́ọ̀tì, ni ó wà, agbára káká ni ọwọ́ fi ń wọ ibẹ̀, bí rédíò bá sì ṣì ń sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ dojú bolẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀?

Mo lè sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ torí pé ìwé rẹ̀ pé láti 1967. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀ràn bàálù níbí nìyẹn. Tí wọ́n bá ṣe àtúnṣe ńlá tàbí tí wọ́n yí ohun kan padà nínú rẹ̀, mẹkáníìkì á kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, ẹ̀dà rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù níbí, ẹni tó bá ra bàálù náà lẹ́yìn ọdún gbọọrọ lè béèrè fún gbogbo fáìlì ọ̀hún. Èmi àti ìwọ tí a ti ra mọ́tò tòkúnbọ̀ rí, ìtàn wo ni wọ́n fi tẹ̀ lé e fún wa?

Ohun tó bá ilé-iṣẹ́ jáde kò tó nǹkan. Àwọn aago tí wọ́n tò káàkiri pánẹ́ẹ̀lì láìlétò, torí ó di ẹ̀yìn ìgbà náà kí wọ́n tó máa kó mẹ́fà tó ṣe pàtàkì jù pọ̀ sójú kan. Rédíò, máìkì àfọwọ́mú, àti sípíkà kan lókè orí, tán. Lẹ́yìn náà ni oníkálùkù tó ń rà á ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹnì kan fi rédíò King KX-170B sí i. Ẹlòmíràn fi ADF sí i, ẹ̀rọ tó ń nàka sí ibi tí òpó rédíò kan wà nílẹ̀. Ẹlòmíràn tún gbé Loran-C wá, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò láti orí ilẹ̀ mọ ibi tí bàálù wà. Ìjọba Amẹ́ríkà pa àwọn òpó tó ń fọ́n ìgbì Loran-C ká ní oṣù Kejì ọdún 2010, síbẹ̀ áńtẹ́nà rẹ̀ dúró ṣinṣin lórí òrùlé bàálù mi, ó kàn ń gba atẹ́gùn lásán. Bí wọ́n bá yọ àpótí ẹ̀rọ kúrò, wọn kì í fa wáyà rẹ̀ jáde. Ọjọ́ tí a ṣí pánẹ́ẹ̀lì, Múfú, bí òpó iná Òjé ló rí: wáyà tó ń ṣiṣẹ́, wáyà tí wọ́n ti já, wáyà tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ, gbogbo wọn lọ́ mọ́ra wọn.

Bàbá kan ló ń bá mi ṣe é, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ. Ẹnu mi kọ̀, mo ń pè é ní “sir”, ó sì ti gbà fún Ọlọ́run. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé òun kò ní fi ẹyọ ohun tuntun kan sí i títí a ó fi yọ gbogbo òkú wáyà tán. Mo mọ̀ pé ohun tí ìwọ náà máa sọ nìyẹn. Ìgbà tí a yọ wọ́n tán tí a kó wọn jọ sílẹ̀, ó yà mí lẹ́nu pé bàálù yìí ti ń gbé ẹrù yẹn fò láti ìgbà tí mo ti rà á. A ní láti tún ìṣirò ìwọ̀n rẹ̀ kọ sílẹ̀, torí bàálù kò gbọdọ̀ fò lórí àròsọ.

Èyí tó máa dùn mọ́ ọ rèé. Bàbá yìí kì í fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀. Rárá o. Irin kékeré kan tó dà bíi ẹ̀mú ló fi ń fún un pọ̀ mọ́ra. Mo ní ṣé lẹ́ẹ̀dì kò lágbára tó ni? Ó ní agbára gan-an ni ìṣòro rẹ̀: lẹ́ẹ̀dì máa ń fà wọ inú okùn wáyà, ibi tó bá dé á gan, ibi tí kò dé á ṣì rọ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì fún wákàtí bí wákàtí, ààlà ibi tó gan àti ibi tó rọ̀ náà ló máa já. Rántí iye ìgbà tí ọ̀gá wa gbá wa lórí nítorí lẹ́ẹ̀dì tí kò mú dáadáa! Rédíò tó jókòó sórí tábìlì ni ọ̀gá fi ń kọ́ wa, kì í ṣe èyí tó ń gbọ̀n.

Wáyà tuntun tí a fi sí i, Tefzel, irú ike kan tó ń gba ooru, ni wọ́n fi bò ó. Ti àtijọ́, ike PVC ni, bó bá gbóná tó jóná, èéfín olóró ló ń tú jáde, inú àpótí kékeré tí o kò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ sì lo wà. Okùn bátìrì náà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Cherokee 180 wà, láti ibẹ̀ dé imú bàálù jìn, alumíníọ̀mù ni Piper sì fi ṣe okùn náà nígbà yẹn kó lè fúyẹ́. Alumíníọ̀mù máa ń hu ìpele kan sójú níbi tí wọ́n ti dè é, iná kì í fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí ló fà á tí ẹ́ńjìnnì mi fi ń ra ọwọ́ láàárọ̀ bí ẹni pé bátìrì ti kú, bátìrì tuntun sì ni o. A fi kọ́pà pààrọ̀ rẹ̀. Báyìí, bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, ó ti dìde.

Ariwo tó ń kùn nínú rédíò náà tún wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, fèrè kan á máa fọn nínú hẹ́dífóònù, bí mo bá tẹ ìná sí i, fèrè á lọ sókè, bí mo bá dín in kù, á rẹlẹ̀. Ìwọ ti mọ̀ ọ́n kí n tó parí ọ̀rọ̀: altáńétọ̀. Ẹni tó rà á ṣáájú mi ti ra fíltà sí i, kò gbọ́. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ló fà á. Àwọn tó fi rédíò kọ̀ọ̀kan sí i lọ́jọ́ sí ọjọ́ so ẹ́ẹ̀tì wọn mọ́ ibi tó bá sún mọ́ wọn, òmíràn wà lórí ọ̀dà, òmíràn wà lórí ibi tó ti dípẹtà. Bàbá kó gbogbo wọn lọ sójú kan ṣoṣo tó ti họ dé egungun, fèrè sì dákẹ́. Mo fò lọ sí Galveston lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn àwọn tó wà nílẹ̀ ketekete bí ẹni pé wọ́n jókòó tì mí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun wá kàn, kì í sì ṣe afẹ́ nìkan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2020, FAA ti pàṣẹ pé bàálù tó bá fẹ́ wọ àwọn ojú òfurufú kan gbọ́dọ̀ máa fọn ibi tó wà àti gíga rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. ADS-B ni wọ́n ń pè é. Houston ní pápá ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì, Hobby àti Bush, èmi sì wà nítòsí Hobby gan-an, nínú máìlì òkun 30 tí òfin náà dé. Kò sí bí mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo rà, tailBeacon ti uAvionix, wọ ojú iná funfun tó wà nídìí bàálù: wọ́n yọ iná àtijọ́ kúrò, wọ́n fi èyí sí i, òun náà ni iná, òun náà ló ń fọ̀n. Kò fẹ́ wáyà tuntun láti iwájú, ṣe ló ń tẹ́tí sí transponder mi, ẹ̀rọ tó ń dá rédà àwọn tó wà nílẹ̀ lóhùn, láti mọ nọ́ńbà àti gíga tó ń sọ. Ẹni tó ronú kan ohun yẹn, ọmọ Ògùnpa ni ì bá jẹ́!

Èyí tó gba owó jù ni àwọn aago tó ń lo jáírò, àgbá kékeré tó ń yí nínú wọn. Nínú ti àtijọ́, pọ́ǹpù kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú wọn kí wọ́n lè máa yí kíákíá, ọ̀kan ń sọ bóyá ìyẹ́ tẹ́jú tàbí ó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ń sọ ibi tí imú kọjú sí. Abẹ́ kábọ́ọ̀nù ló wà nínú pọ́ǹpù ọ̀hún, kì í sì í ṣàìsàn kó tó kú. Bó bá fọ́ nínú kùrukùru, jáírò kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa purọ́ fún ẹni tó ń wò ó, ẹni náà á sì máa tẹ bàálù tẹ̀ lé irọ́. Ó ti pa àwọn páílọ́ọ̀tì tó mọṣẹ́ jù mí lọ. Mo fi Garmin G5 méjì, aago oníná tí kò fẹ́ pọ́ǹpù, rọ́pò wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bátìrì tirẹ̀ tó lè gbé e tó wákàtí mẹ́rin bí iná bàálù bá lọ. Pọ́ǹpù náà kúrò pátápátá. Kí ọdún 2016 tó dé, kò rọrùn láti gba àṣẹ láti fi irú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ sínú bàálù tí wọ́n ti fọwọ́ sí bíi tèmi, àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kan bàálù nílé ló ń gbádùn rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ta ojú gíláàsì ńlá fún mi, èyí tó ń fi àwòrán òkè àti odò hàn. Mo kọ̀. Ojú mi ṣì ń ríran, Texas ò sì ní òkè níhìn-ín. GPS 175, ẹ̀rọ atọ́nà tí Garmin gbé jáde ní 2019, ló tó mi, mo sì fi rédíò KX-155 àtijọ́ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn ọlọ́jà máa ń sọ pé bí èèyàn bá ta bàálù rẹ̀, nǹkan bí ìdajì owó tó kó sí pánẹ́ẹ̀lì ló ń rí gbà padà. Ìyàwó mi náà ti gbọ́ ọ, kò sì gbàgbé.

Ṣé o mọ̀ pé Gary Burrell àti Min Kao tó dá Garmin sílẹ̀ ní 1989 ti ṣiṣẹ́ rí ní King Radio, àwọn tó ṣe KX-170B? Olathe ní Kansas, níbi tí King wà, ni Garmin náà fi ṣe ibùjókòó. Ọmọ inú ilé ló wá gba ṣọ́ọ̀bù.

ADF nìkan ni yíyọ rẹ̀ dùn mí. Wọ́n ń pa àwọn òpó tó ń lò lọ níbí, kò wúlò mọ́ bí atọ́nà, àmọ́ ó máa ń gba míídíọ̀mù wéèfù, àwọn páílọ́ọ̀tì àtijọ́ fi ń gbọ́ eré bọ́ọ̀lù lójú ọ̀run. Mo ti gbọ́ ìwàásù àwọn Mẹ́síkò lórí rẹ̀ rí, mi ò gbọ́ kan níbẹ̀.

KX-170B tí a yọ wà lórí tábìlì mi, tìrẹ ni. Òfin gba páílọ́ọ̀tì tó ni bàálù láyè láti fa irú rẹ̀ yọ kúrò nínú àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀ (transponder wà lára àwọn tí mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn), nítorí náà ọwọ́ èmi gan-an ló yọ ọ́. Ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá, mà á fi rán an. Vólítì 14 ló ń jẹ, bátìrì mọ́tò lè gbé e. Gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má tẹ máìkì rárá, àwọn tó wà ní pápá bàálù Alákìà ń lo ojú ìgbì yẹn. Bọ́tìnnì tó ń yan ibùdó ń ta kẹ́kẹ́kẹ́ bí o bá yí i, irin lórí irin ni inú rẹ̀, ó fẹ́ nù. Ohùn rẹ̀ sì máa ń sá bó bá ti gbóná díẹ̀. Èmi fura sí kàpásítọ̀. Bí o bá ti ṣí i, ya fọ́tò rẹ̀ fún mi kí o tó yọ ohunkóhun, kí o sì kọ orúkọ èyí tí o bá fẹ́ kí n bá ọ wá níbí.

Bá mi kí ọ̀gá wa bó bá wọ ọjà.

Èmi ni,
Wọlé