Ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fi ṣéènì ti táyà ọkọ̀ rẹ̀?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó ìgbọ́kọ̀sí ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo fẹ́ bá yín sọ, kì í sì í ṣe owó náà gan-an ló ń dùn mí. Ilẹ̀ tí a ń gbé ọkọ̀ sí, ẹnìkan ló ń gbá a, ẹnìkan ló ń ṣọ́ ọ. Kí onímọ́tò san 100 tàbí 200 sẹ́fà, kò burú. Ohun tó ń bí mi nínú ni owó ìtanràn tí àwọn tó gba iṣẹ́ yìí ṣe ń fẹnu ara wọn dá, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn gbà, láìsí ibì kan tí èèyàn lè gbé ọ̀rọ̀ lọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó tọ́ báyìí?"

Ìṣojú mi ni èyí ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wándó. Ìyá kan tó ń ta gàrí ní kí onímọ́tò báṣẹ́ (ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) kan já ẹrù òun sílẹ̀. Wọn ò tíì sọ àpò mẹ́ta kalẹ̀ tí ọmọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn fi ki ṣéènì bọ táyà ẹ̀yìn, tó fi àgádágodo tì í. 5,000 sẹ́fà. Kí ni wọ́n ṣe? Ó ní táyà ti kọjá ìlà. Gbogbo wa wolẹ̀. Ilẹ̀ pupa lásán ni, òjò àná ti fọ̀ ọ́, ìlà kankan ò sí níbẹ̀. Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, fi ìlà náà hàn mí, mà á sanwó." Ọmọ náà ní, "Màmá, ọ̀gá wa ló mọ ibi tí ìlà wà." Ẹ̀rín pa àwọn tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n 3,000 ni ìyá náà san kí wọ́n tó tú ọkọ̀ sílẹ̀. Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un, mo yẹ̀ ẹ́ wò: kò ní nọ́ńbà, kò ní déètì, òǹtẹ̀ orí rẹ̀ sì ti ṣá débi pé n kò rí nǹkan kà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ owó òfin ni, báwo ló ṣe di ohun tí wọ́n ń ná bí ẹni ń ná tòmátì? Ọkọ̀ tó bá wá ní nọ́ńbà Nàìjíríà, tó gba ẹnubodè Ìgòlò wọlé, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ tirẹ̀.

Àwọn kan á ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn, pé ìlú tó bá fẹ́ lajú gbọ́dọ̀ fara dà á. Èmi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ará àdúgbò ń gbé ìwé tí ọmọ wọn bá fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ìgbọ́kọ̀sí aládàáni kì í wọ́n nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tó rí ti ọmọ rẹ̀: £100, tó ju 70,000 sẹ́fà lọ, pẹ̀lú fọ́tò ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, aago tó wọlé àti aago tó jáde. Ó rò pé ìjọba ló kọ ọ́, pé wọ́n máa lé ọmọ òun padà wálé. Ó ti ń múra láti lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n kó àjọ fún òun ṣáájú àsìkò.

Mo ní kó fara balẹ̀. Ìwé yẹn kò ti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá, káńsù ìlú kọ́ ló sì kọ ọ́. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń sọ ni pé, ìwọ tó o wọ orí ilẹ̀ yìí, tó o rí pátákó wa, o ti bá wa ṣe àdéhùn, o sì ti yẹ̀ ẹ́. Gbèsè ni wọ́n láwọn ń béèrè, ilé ẹjọ́ nìkan ló sì lè fi tipátipá gbà á. Kì í ṣe pé jìbìtì ni gbogbo rẹ̀ o. Ní 2015, ọ̀gbẹ́ni Beavis, tó gbé ọkọ̀ sí Chelmsford kọjá wákàtí méjì ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un, bá ilé iṣẹ́ ParkingEye dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Wọ́n ní pátákó hàn gbangba, £85 kò sì ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ọmọ yín pé kó da irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù, ẹni náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ti ilé ẹjọ́ bá wá dé tí kò fèsì, wọ́n lè dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fèsì ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ ọgbà ilé ìtajà náà lọ́jọ́ yẹn, láàárọ̀ láti ra oúnjẹ, nírọ̀lẹ́ láti dá bàtà padà. Kámẹ́rà rí wíwọlé àkọ́kọ́, ó rí jíjáde ìkẹyìn, ó so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọmọ náà sùn síbẹ̀. Wọ́n mọ àṣìṣe kámẹ́rà yìí dáadáa lọ́hùn-ún. Ó fi rìsíìtì ilé epo tó ti ra epo lọ́sàn-án ránṣẹ́, aago wà lórí rẹ̀. Wọ́n fagi lé owó náà. (Wọn ò tọrọ àforíjì o.) Bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ̀ fún un, tí ilé iṣẹ́ náà bá wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tó ń lo POPLA, ìyẹn àwọn olómìnira tó ń gbọ́ ẹ̀sùn awakọ̀ lórí irú owó yìí, ọjọ́ 28 ni ì bá ní láti gbé e lọ síbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Tí POPLA bá dá awakọ̀ láre, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà. Tó bá dá a lẹ́bi, awakọ̀ ṣì lè dúró de ilé ẹjọ́.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Láti oṣù Kẹwàá 2012, òfin kò gbà kí ilé iṣẹ́ aládàáni ti táyà ọkọ̀ ẹnikẹ́ni pa lórí ilẹ̀ aládàáni ní England àti Wales. Scotland ti ṣe tiwọn ní 1992. Ṣéènì Wándó yìí, tí wọ́n ń pè ní ọ̀làjú fún wa, àwọn tí a láwọn là ń wò ṣe é ti fòfin pa á rẹ́! Òfin 2012 yẹn náà ló sọ pé, bí wọn ò bá lẹ ìwé mọ́ ọkọ̀, ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí wọ́n wá ẹni tó wa ọkọ̀ náà rí.

N kò sọ pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú orúkọ onímọ́tò níbẹ̀ ń gba £2.50 lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá fún àwọn ilé iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣe òfin ní 2019 pé kí ìlànà kan ṣoṣo wà fún gbogbo wọn. Ìlànà náà jáde ní oṣù Kejì 2022, àwọn ilé iṣẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́, nígbà tó fi di oṣù Kẹfà wọ́n ti fà á sẹ́yìn. Owó lágbára níbi gbogbo. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́hùn-ún mọ ilẹ̀kùn tí òun lè kàn.

Mérì wa, ìjọba ìlú wa, ni mò ń bẹ̀. Kí wọ́n gba ṣéènì lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí. Ọkọ̀ tó bá dí ọ̀nà, ọlọ́pàá wà fún un. Kí wọ́n gbé pátákó sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kọ̀ọ̀kan, kí iye owó wà níbẹ̀, àti orúkọ ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún, ní Faransé, ní Gùn àti ní Yorùbá. Kí tíkẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà. Ju gbogbo ìyẹn lọ, kí wọ́n fi ẹnìkan jókòó ní mérì tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ní ti inú ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa jáde. Láìsí ẹni yẹn, ọ̀ṣọ́ lásán ni pátákó máa jẹ́.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn tí mérì bá àwọn agbowó yìí ṣe, kẹ́ ẹ tẹ ibi tí iye owó wà jáde fún wa. Tí ẹ bá sì máa rán akọ̀ròyìn sí Wándó, ẹ jẹ́ kó gbé mọ́tò lọ, kó má sọ pé oníròyìn ni òun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́