Ìkéde: Wíwọn Páńẹ́ẹ̀lì Oòrùn
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí ti ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wíwọn páńẹ́ẹ̀lì ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ nu ojú gíláàsì rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán oòrùn gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí páńẹ́ẹ̀lì kọjú sí gan-an. Bó bá dùbúlẹ̀ nígbà tí páńẹ́ẹ̀lì dagẹ̀rẹ̀, iye tí ẹ kọ sílẹ̀ kò wúlò. Bí ìkúukùu bá ń kọjá, ẹ dúró.

Ẹ lẹ sẹ́ńsọ̀ ooru mọ́ ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì. Fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí ooru páńẹ́ẹ̀lì bá fi ju 25°C lọ, agbára páńẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì ń dín ní nǹkan bí ìdá 0.3 sí 0.5 nínú 100.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti wọn iná tó ń ṣàn tán, ẹ yọ wáyà pupa kúrò nínú ihò 10A (ihò tí a fi ń wọn iná tó ń ṣàn) lára mọ́tímítà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, kí ẹ tó wọn fọ́ltéèjì. Bí ẹ bá gbàgbé èyí ni fíúsì rẹ̀ sábà máa ń jó.