Ẹ yéé di ẹrù ìnṣọ́ránsì lé adájọ́ lórí

Ẹ̀yin Olóòtú,

Mo ṣì ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́ lọ́jọ́ Fúráìdè kan ní ìparí 2016 nígbà tí ìwé ìnṣọ́ránsì tuntun wọlé sórí fóònù mi. Èmi àti ọmọkùnrin mẹ́rin la jọ ń kunlé ní Tampa. Ìnṣọ́ránsì òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ni mò ń wí. Dandan ni ní Florida fún oníṣẹ́ ilé kíkọ́, ì báà jẹ́ ẹnì kan ló gbà síṣẹ́. Wọ́n ti fowó gọbọi lé e nígbà náà. Mo pe ájẹ́ǹtì, ó ní kóòtù ló fà á.

Kóòtù kẹ̀! Lọ́yà kan ṣiṣẹ́ wákàtí 107 lórí ẹjọ́ Castellanos, òṣìṣẹ́ kan tó fara pa, òfin ní dọ́là 164 ni kó gbà. Ẹ ṣírò ẹ̀: dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 53 ní wákàtí kan. Ọmọ tó ń bá mi ro ọ̀dà kò ní gbà á. Òfin yẹn ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Florida fagi lé ní oṣù kẹrin 2016. Ní oṣù kẹfà, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 104 tí òfin fi ń sanwó kéré fún panápaná tó fara pa tí kò tíì gbádùn, wọ́n dá a padà sí 260. Ó burú ni? Àkàbà yọ̀ mọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ sí. Títí dòní, ọwọ́ òsì ẹ̀ kò lè gbé gálọ́ọ̀nù ọ̀dà.

Àlékún ìdá 19.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ tó ń ṣírò owó fún àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kọ́kọ́ béèrè. Àwọn ọ̀gá ìjọba tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, tó jókòó sínú éá-kọ̀ndíṣọ̀n, fún wọn ní 14.5. Adájọ́ kan ní Tallahassee, olú ìlú Florida, ní ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí àlékún náà ṣì máa lọ. Wọn kò bi àwa akunlé o. Mo tún un wí, kóòtù kọ́ ló kọ iye yẹn sínú ìwé mi.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé iye kan náà ni ìjọba ń fọwọ́ sí fún gbogbo iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì níbí. Irú ọjà wo nìyẹn? Aláta mẹ́wàá, kí gbogbo wọn máa pe iye kan, kí o má sì lè ná an! Ẹ jẹ́ kí oníkálukú pe iye tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ oníbàárà yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èmi náà yóò máa ti iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan bọ́ sí èkejì títí màá fi rí èyí tí apá mi ká. Kí àwọn aṣòfin náà wá iye tó bójú mu fún lọ́yà. Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ìpàdé.

Kí ìwé yẹn tó dé, mo ti gba iṣẹ́ ilé mẹ́ta ní iye àtijọ́ o, a sì ti fọwọ́ síwèé. Ta ni ǹ bá gbé àlékún yẹn lọ bá?

Akunlé, Tampa